Ihò Tó Wà Lábẹ́ Omi

Ọkọ̀ ti kún. Àwọn èrò ti jókòó, ẹrù wà láàárín wọn. Ìyá atukọ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, torí ó fẹ́ máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ojú ń dun ìyá náà, ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì omi ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n atukọ̀, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ààbò ojú omi, ló tẹ̀ lé e. Kò gbà kí ọkọ̀ ṣí títí gbogbo wọn fi wọ ẹ̀wù ààbò.

Má-fòyà ni wọ́n ń pe atukọ̀ náà, torí ohun tó máa ń sọ fún èrò nìyẹn bí ìgbì bá dé. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn lọ́jọ́ náà. Ó ti ra pọ́ǹpù tuntun tó ń gba inú rọ́bà fa omi tó bá jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ síta, òun fúnra rẹ̀ ló sì dè é mọ́ ọkọ̀.

"Ta ló bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, pọ́ǹpù lásán-làsàn! Ṣé iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ ṣe ni?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti dé àárín omi nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi o."

Má-fòyà tẹ súwíìṣì. Pọ́ǹpù kùn, omi fà. Ó pa á, kó má bàa jẹ bátìrì tán. Kò pẹ́ tí omi tún fi gòkè, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa á, omi tún padà wá. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, pọ́ǹpù náà kùn díẹ̀, ó dákẹ́, bátìrì ti tán.

Pákó ọkọ̀ ti là, ohun tí atukọ̀ rò nìyẹn. Ó wo ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tí kò sì ríran dáadáa.

Onígbàjámọ̀ kan fò dìde. "Ọkọ̀ ń rì o! A kú o!"

"Ẹ jókòó!" ẹ̀gbọ́n atukọ̀ pariwo. "Ẹni tó bá dìde ló máa dojú ọkọ̀ yìí dé." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ihò tí omi ń gbà jáde dà?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún."

Ó yọjú wo ìta. "N ò rí i."

"Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju omi lọ nígbà tí mo lu ú."

"Ṣé èrò wà nínú ọkọ̀ nígbà yẹn?"

Má-fòyà mi orí. Ọkọ̀ ṣófo ni, ní èbúté. Àwọn èrò máa ń bínú bí omi pọ́ǹpù bá ta sí wọn láṣọ, ìdí nìyẹn tó fi lu ihò náà sísàlẹ̀.

"Abẹ́ omi ló wà báyìí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bó o bá ti pa pọ́ǹpù, odò á gba inú rọ́bà yẹn wọlé padà. Pákó kankan ò là. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un."

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ tó ń gbomi á sọ fún ọ pé kò lọ́rẹ̀ẹ́ náà.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú omi, ó fa rọ́bà náà, ó ká a ní méjì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un pa. "Ẹ máa gbọ́n omi! Ẹ lo bàtà, ẹ lo abọ́, ohunkóhun! Ìwọ, forí lé èbúté tó bá sún mọ́ wa jù. Rọra o!"

Ìró omi tí wọ́n ń dà síta nìkan ló kù, àti ti ẹnì kan tó ń sunkún jẹ́jẹ́.

"Ta ló ń sunkún yẹn?" ìyá béèrè.

Àwọn èrò ń gbọ́n omi wọn lọ. Má-fòyà ni.

Wọ́n gúnlẹ̀. Àwọn èrò ló bá ẹ̀gbọ́n atukọ̀ tú ìka rẹ̀ kúrò lára rọ́bà, torí kò lè ṣí i fúnra rẹ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ló ṣe yẹ kí n ṣe é?" Má-fòyà bi í.

"Ohun tó yẹ kó o ti béèrè lánàá nìyẹn. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ kékeré, ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún un. Pọ́ǹpù tó tóbi ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ ni kẹ́ ẹ rà, torí iye omi tí wọ́n kọ sára páálí máa ń dín kù bí rọ́bà bá gùn tàbí tí bátìrì ò bá lágbára. Ẹ jẹ́ kí wáyà rẹ̀ gba inú fíúsì lọ tààrà sí bátìrì, kó lè ṣiṣẹ́ kódà bẹ́ ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù. Ẹ má sì torí pọ́ǹpù ju korobá ìgbọ́nmi nù.

Ní ti ihò, ẹ gbé e sókè dáadáa, kí rọ́bà sì kọ́kọ́ gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Bí omi bá ta sí èrò láṣọ, aṣọ á gbẹ. Ẹ má fi ọkọ̀ tó ṣófo wọn ibi tẹ́ ẹ máa lu. Ẹ wọ̀n ọ́n bí ìgbà tí ìyá yín bá jókòó sínú rẹ̀.