Ẹni Tó Bá Nọ́ọ̀sì So Pépà Ọdún

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ilé náà ṣì wà létí títì, ẹni tó gbọ́ ohùn náà sì ń bẹ láyé. Mi ò bù kún un, mi ò sì yọ nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Òun nìkan ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ ní báńkì nílùú mìíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, kò wá; ohùn ló gbà sórí fóònù fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ títí dé òpin, ó pa fóònù, kò sì sunkún. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru.

"Màmá, ẹ wá nǹkan fọwọ́ yín ṣe," dókítà sọ fún un. "Ìrònú yìí ti pọ̀ jù."

Ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ra pépà aláràbarà, ó ra gọ́ọ̀mù, ó gbé àlùmọ́gàjí sórí tábìlì pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ìràwọ̀. Òdòdó. Ẹ̀wọ̀n pépà, pupa kan, funfun kan. Àlùmọ́gàjí á dún kẹ́ṣẹ́, pépà á já bọ́, àyà rẹ̀ á sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ya òun gan-an lẹ́nu. Ohun tí oògùn ò rí ṣe, pépà ṣe é.

"Ta lẹ ń ṣe gbogbo èyí fún?" Ìyàwó káfíńtà tó ń gbé lódìkejì títì ló bi í.

"Ògiri ni," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ògiri ò kúkú ní sọ pé òun ò ráyè."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dìde lọ mu omi ní kíṣìnnì. Nígbà tó padà, òdòdó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣe. Ó wọ́. Gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù lára rẹ̀, kò sì tíì gbẹ. Àmì ìka wà nínú gọ́ọ̀mù náà. Ìka kéékèèké. Ìka ọmọdé.

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wà ní títì pa. Ó tẹ́tí. Ilé pa lọ́lọ́.

"Ogbó ti ń dé sí mi," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé inú.

Lọ́jọ́ kejì, ó tòògbé lórí àga. Ìgbà tó lajú, ẹ̀wọ̀n pépà ti wà lára àjà. Wọ́n ti so ó láti igun dé igun. Nọ́ọ̀sì kúrú. Kò sí àkàbà nínú ilé rẹ̀. Ibi tó ti ń wòkè ni ìyàwó káfíńtà ti kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kú oríire o, Nọ́ọ̀sì! Ọmọ yín dé, ẹ ò sì sọ fún wa."

"Ọmọ wo?"

"Ẹ má tàn mí. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó ní, 'Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bá yín so ó.' Ọmọdé kan sì ń rẹ́rìn-ín."

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Nọ́ọ̀sì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé o wá sílé?"

"Màmá, mo ti sọ fún yín. Iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn. Tó bá di ọdún tó ń..."

Kò jẹ́ kó parí rẹ̀ tó fi pa fóònù. Ìbínú rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Ó jókòó. Ó mú pépà. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, kò sì wẹ̀yìn, bó ti máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní kékeré bí wọ́n ṣe ń na irinṣẹ́ síni ní ọsibítù.

Nǹkan tutù bà á látẹ́lẹwọ́. Àlùmọ́gàjí ni. Ibi tí wọ́n ti ń dì í mú ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, bó ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀ gan-an.

Nọ́ọ̀sì ò sá.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó wí, ó sì ń gé pépà rẹ̀ lọ.

Kò pe òṣìṣẹ́ báńkì náà mọ́. Tí fóònù bá dún, á jẹ́ kó dún tán. Ìdákẹ́ yìí ló lé ọkùnrin náà wálé. Ọdún ku ọ̀la, lọ́sàn-án gangan, ló dé, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tí Nọ́ọ̀sì ò fojú rí rí.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó látòkè délẹ̀. Irun ti ń funfun lórí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ ń wá?"

"Màmá! Èmi ni. Èmi ọmọ yín."

"Ẹ jọ ọ́ lóòótọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà nínú ilé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín."

"Inú ti bí mi rí. Ó ti tán."

Òótọ́ ló sọ. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wá ìfẹ́ nínú ọkàn ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá ìbínú, kò rí i. Ó dà bí ẹni ń wo aláìsàn wọ́ọ̀dù mìíràn.

Ọmọbìnrin náà ti yọwọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Nọ́ọ̀sì kọjá wọ pálọ̀. Àwọn ìràwọ̀ pépà ń yí díẹ̀díẹ̀ lókè, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Ó dúró níwájú àga tó wà lábẹ́ wọn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù rẹ̀ jìn wọlé, bíi ti àga tí èèyàn jókòó sí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí àga náà.

"Dádì, ẹ ti wọlé?"

Bàbá rẹ̀ figbe ta lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ sáré wọlé, férémù ilẹ̀kùn ló dì mú. Ẹ̀rù tí kò ba Nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ yìí wá ba ọkùnrin náà. Ó ní kọ́mọ náà padà.

Ọmọ náà ò wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ọmọdé ṣe ń ṣe tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Tìmùtìmù àga náà rọra wú sókè.