Ọkùnrin Tí Aili Kọ̀ Láti Pè

Ẹ̀rín ọkùnrin náà ni Aili Niskanen kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú Lẹ́ńtì. Wọ́n ń din ẹja tà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, yìnyín sì ti ga dé ojú fèrèsé níta. Ọkùnrin gíga kan tó dá irùngbọ̀n pupa sí dúró sídìí tábìlì kọfí, ó ń rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ fi ń mì tìtì. Àmọ́ bó ṣe ń rín in ló fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tó ń dáàbò bo iná àbẹ́là lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Ojú rẹ̀ wu Aili. Ojú ẹlẹ́yinjú àánú ni, irú èyí tí kì í fi nǹkan pa mọ́. Ọkàn Aili fà sí i. Ìgbà náà ni ẹnì kan fọwọ́ gbá ọkùnrin náà lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, Aili sì rí eyín rẹ̀. Ìdọ̀tí ti gan mọ́ àwọn ti ìsàlẹ̀ bí òkúta, wọ́n ti so pọ̀ di ògiri kan ṣoṣo. Ẹlòmíì ì bá ti gbójú kúrò. Ní ti Aili, ṣe ni ọkàn rẹ̀ tún fà sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni Aili fi fọ aṣọ ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì etí adágún kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ fífọ eyín àti títọ́jú ẹran ìdí eyín. Ọdún kejì rẹ̀ ló ń parí lọ yìí. Nínú oṣù karùn-ún ni wọn yóò ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ wá aláìsàn tí yóò fọ eyín rẹ̀ mú wá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tí eyín rẹ̀ mọ́ kò wúlò fún wọn, ẹni tí eyín rẹ̀ sì dọ̀tí ń sá fún wọn. Ẹni tí Aili ti rí tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ Wisconsin.

Ọkùnrin náà gbé àwo ẹja wá sí tábìlì Aili.

"Ṣé ẹja mi lò ń wò látàárọ̀, àbí èmi?"

"Ẹja ni."

"Ọpẹ́ ni. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé èmi ni."

"Kí ló dé tẹ́rù á fi bà ẹ́?"

"Ṣé ẹja ń fèsì ọ̀rọ̀ ni? Èmi ni màá fèsì, mi ò sì mọ èyí tí màá wí." Ó jókòó. "Rudy Tervo nìyí. Ọkọ̀ gẹdú ni mo ń wà."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Aili sọ fún olùkọ́ rẹ̀, Ìyáàfin Pelkola, pé òun ti rí ọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ dára fún ìdánwò. Ó ní òun máa bá a sọ ọ́ láìpẹ́.

Kò bá a sọ ọ́. Rudy wá bá Aili wo mọ́tò rẹ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ nínú òtútù, ó sì gbé Aili lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ọkọ̀ gẹdú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí wọ́n ń pè ní pásítì, wọ́n á gé e sí méjì. Aili máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bó ṣe ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn, igi ẹ̀yìn rẹ̀ á hu ewé kó tó débi tó ń lọ. "Ìwọ ló ń fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn," Rudy á ní. "Tí mo bá sáré, a ó ti dé."

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sórí adágún tó ti dì di yìnyín, tí wọ́n ń fi ìwọ̀ pẹja nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, Rudy fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ eyín sílẹ̀.

"O ò béèrè nípa eyín mi rí."

Aili fọwọ́ gbá yìnyín kúrò létí ihò náà, Rudy sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Bàbá mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kan. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, kò dúró kí ẹnu mi kú. Mo pariwo. Ó ní kí bàbá mi di ẹsẹ̀ mi mú, bàbá mi sì dì í mú." Ó fa ìwọ̀ rẹ̀ sókè, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Mi ò tíì padà síbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún."

Lẹ́yìn èyí, ẹnu Aili kò gba ọ̀rọ̀ ìdánwò mọ́. Ó di egungun ẹja tó há sí ọ̀fun. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀ jáde. Ó ti fẹ́ràn Rudy, ó sì mọ̀ pé Rudy fẹ́ràn òun. Ó pinnu pé òun á wá ẹlòmíì. Ó bẹ Arvid Haapala, bàbá arúgbó tó ni ilé tó ń gbé. Arvid ní eyín òun kò mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun á bá a lọ. Aili rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ohun tó gbàgbé ni pé kò tíì sọ fún Ìyáàfin Pelkola pé òun ti yí ẹni padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, òun àti Rudy ń ra oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ni Ìyáàfin Pelkola bá yọ sí wọn. Obìnrin náà ní inú rere, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dúró.

"Aili! Ṣé ọkùnrin ọjọ́ ẹja nìyí, èyí tó o ní eyín ẹ̀ dára fún ìdánwò? Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ ò mọ oore tí ẹ fẹ́ ṣe é!"

Rudy kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó san owó ohun tí wọ́n rà, ó gbé e dé ibi tí wọ́n páákì ọkọ̀ sí, ó wá gbé àpò náà sílẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo sọ fún un?"

"Rudy, jọ̀ọ́, gbọ́ mi ná."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ ẹja."

"Ká tó jọ jáde rárá nìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ìyẹn ló sì dun Aili jù. "Èmi ti ń rò ó pé ẹnì kan wà láyé tó lè wojú mi, kó má wo ẹnu mi."

"Mo wo méjèèjì," ni Aili wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo rí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ ìgbà tó o sọ ọ̀rọ̀ bàbá ẹ fún mi, mo jáwọ́ níbẹ̀. Mo ti wá ẹlòmíì."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹ lórí yìnyín yẹn, mi ò sọ ọ́ fún màámi pàápàá rí." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. "Màá lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, wọn kò ríra.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Arvid wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti mu kọfí ife mẹ́rin kó lè gbóyà. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga. Wọ́n ní kó jókòó jẹ́jẹ́, kó mí kanlẹ̀. Wọ́n tún un wọ̀n, ó tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin tó ń bójú tó ìdánwò mi orí. "A ò lè gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru báyìí sórí àga. Tó bá di aago mẹ́wàá tó ò bá rí ẹlòmíì mú wá, ó di oṣù kẹjọ."

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Arvid ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ọmọ mi, mo ti bà á jẹ́ fún ẹ."

Ìyáàfin Pelkola fa Aili lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Pe ọkùnrin yẹn! Mo rí ọkọ̀ gẹdú rẹ̀ ní ilé epo bí mo ṣe ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni síbí."

Fóònù wà lọ́wọ́ Aili. Nọ́ńbà Rudy wà lójú rẹ̀, ìka kan ló kù. Ó ń gbọ́ ariwo irinṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún méjì gbáko! Ọdún méjì tó ń kàwé pẹ̀lú ìka tí ọṣẹ ìfọṣọ ti bó.

"Aili, kí lò ń wò?"

"Mi ò ní pè é, mà."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ọ̀rọ̀ ayé ẹ la ń sọ!"

"Ẹnì kan ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú rí. Mi ò ní di ẹnì kejì." Ó fi fóònù sápò. Ó jókòó ti Arvid títí aago mẹ́wàá fi lù, lẹ́yìn náà ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó sì mú bàbá náà lọ sílé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ríṣẹ́ káàkiri. Aili padà sí ibi ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń pè é ní "dókítà eyín" tí wọ́n bá fẹ́ kó gbé agbọ̀n aṣọ.

Ẹnu Arvid ni Rudy ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Wọ́n pàdé ní ilé epo nínú oṣù kẹfà, bàbá náà kò sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó kàn ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ló ba ayé ọmọ olọ́mọ jẹ́, ó ti padà sídìí ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òun gbọ́ tí olùkọ́ ń bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kó pe ọkùnrin kan báyìí, ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọ́n ti fipá di ọkùnrin yẹn mú rí.

Rudy kò ra epo mọ́. Ó wa ọkọ̀ gẹdú tòun ti igi lọ sí ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì, níbi tí Aili ti ń sá aṣọ.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

Aili yíjú padà. Ó rù, ojú rẹ̀ sì ti jìn. "Ká ní mo pè ẹ́, ṣé wàá wá?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá màá wá. Màá wá tìbínútìbínú."

"Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Wàá jókòó, wàá máa gbọ̀n, èmi á sì máa fi ẹ́ gba láísẹ́ǹsì."

Rudy fọwọ́ ká aṣọ funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún mọ́ ọn. "Ìgbà wo ni ìdánwò míì?"

"Oṣù kẹjọ."

"Kọ orúkọ mi sílẹ̀."

"Rárá."

"Aili, èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ báyìí, ìwọ kọ́. Ó ti sú mi kí n máa sá fún àga."

Aili gbé agbọ̀n aṣọ sílẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí pé o ò ní bẹ̀rù. Àmọ́ mo ṣèlérí pé mi ò ní fi irin kan ẹ́ tẹ́nu ẹ ò bá tíì kú. Bó o bá nawọ́ òsì sókè, mo dúró nìyẹn."

Gbogbo ọjọ́rú ni Rudy ń wá jókòó sórí àga kọ́lẹ́ẹ̀jì, láìsí irinṣẹ́ kankan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú méjì ló lò tí ẹ̀wù rẹ̀ fi rẹ fún òógùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó lè la ẹnu kí Aili fi dígí kékeré wò ó. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó sùn lọ lórí àga, ó sì ń hanrun. Aili kò jí i.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fún wọn, apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n sì yàn fún Aili. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ Rudy; kò ga. Aili fún un lábẹ́rẹ́, ó dúró, ó wá fi ṣóńṣó irin kan ìdí eyín náà wò.

Ọwọ́ òsì gòkè.

Aili gbé irin kúrò. Ó wojú aago. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ti lọ. Abẹ́rẹ́ náà kò mú un. Nínú yàrá náà, gbogbo àwọn tó kù ti ń họ eyín gírígírí, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè. Olùdánwò kan kọjá, ó wo ọwọ́ Aili tí kò ṣe nǹkan kan, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

"Máa ṣe é lọ," ni Rudy sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ojú rẹ̀ ti funfun. "Màá fara dà á. Aago ń lọ, Aili."

"O ò ní fara da nǹkan kan."

"Wàá fìdí rẹmi."

"Dákẹ́, la ẹnu."

Ó tún gún un lábẹ́rẹ́, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan ara rẹ̀. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń ka ìmí Rudy, kò wo aago mọ́. Nígbà tó tún fi irin kàn án, Rudy kò mira. Ó tún kàn án níbòmíràn. Rudy ń wò ó, omi sì ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wà nílẹ̀. "Mi ò mọ nǹkan kan," ló wí, bí ẹni tí ẹnu yà. "Aili, mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá!"

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀. Kò sáré, kò sì fi àkókò ṣòfò. Ìdọ̀tí tó dà bí òkúta náà ń já bọ́ wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wọn gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ti họ gbogbo ìdí eyín náà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò ráyè tún un yẹ̀ wò bí àwọn tó kù ti ṣe.

Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ gẹdú níwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹnu Rudy ṣì kú, ètè rẹ̀ ti já bọ́ sápá kan. Ó kọjú sí Aili.

"Aili, hẹ́ mi."

"Kí lo wí?"

"Mo ní, hẹ́ mi. Hi mí họkọ."

Ẹ̀rín pa Aili títí tó fi di ẹkún. "Wọn ò tíì sọ bóyá mo yege o."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Tó o bá yege tán kí n tó wí i, wàá ní ayọ̀ ló ń gùn mí. Tó o bá fìdí rẹmi, wàá ní àánú ẹ ló ṣe mí. Òní ni mo hẹ́ sọ ọ́."

"Mi ò ní gba irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tí mo gún lábẹ́rẹ́ méjì. A ó dúró kí ẹnu ẹ jí."

Wọ́n dúró. Oòrùn ń yí lọ sápá adágún. Ní gbogbo ìgbà ni Rudy ń fọwọ́ tẹ ètè rẹ̀, Aili á gbá ọwọ́ náà kúrò, á ní kó má lọ gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Ó tó wákàtí méjì kí Aili tó na ìka kan, kó fi kan ìsàlẹ̀ ètè náà.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Sọ ọ́."

"Ṣé wàá fẹ́ mi, Aili Niskanen?" Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló já gaara.

"Màá fẹ́ ẹ," ni Aili dá a lóhùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n wà lọ́fíìsì pásítọ̀ láti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ni Arvid bá sáré wọlé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́tà èsì ìdánwò ni. Rudy dìde. Aili ní kó jókòó.

"Jẹ́ ká kọ orúkọ wa sílẹ̀ ná."

Wọ́n kọ ọ́. Sátidé kejì nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n mú, Aili kọ tirẹ̀, Rudy kọ tirẹ̀, Arvid sì ni ẹlẹ́rìí. Aili gbé bíírò sílẹ̀, ó wá já lẹ́tà náà. Ó ti yege.