Ìbọn Tó Bá Ọwọ́ Opal Mu

Lọ́dọ̀ wa lórí òkè Kentucky yìí, àlejò nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Ẹni tó bá mojú ilé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni Verlin Stamper ṣe ń wọ ilé Opal Ratliff láti ìgbà tí ọkọ Opal ti kú. Láràárọ̀, á gbé ẹyin wọ ilé ìdáná, á mu kọfí, á bú ìjọba díẹ̀, á sì máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Opal kì í rí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Opal ti lé ní àádọ́rin ọdún. Garland, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Ohio, ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì máa ń pè é. Ilé náà dákẹ́ débi pé Opal máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn.

Nígbà tí àwọn olè fọ́ ilé kan nísàlẹ̀ odò, Garland sọ lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ lọ ra ìbọn ìléwọ́. Oníyípo, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, ni kí ẹ rà, kò ní wàhálà. Ẹ máa fi yìnbọn sí àmì lẹ́yìnkùlé, kí ọwọ́ yín lè mọ̀ ọ́n."

"Ṣé o ò ní wá bá mi yàn án ni?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin tó ń tajà kò tiẹ̀ wo ọwọ́ Opal. Ó gbé ìbọn kékeré kan jáde, ó fúyẹ́ bí ìgò oògùn tó ti tán, èèkù rẹ̀ sì pupa.

"Ìbọn àwọn ìyá nìyí. Ó máa wọ inú báàgì yín."

Ta ló sọ fún un pé àwọ̀ ni àwọn ìyá fi ń yìnbọn? Ṣùgbọ́n Opal rà á. Ó yìn ín lẹ́yìnkùlé, ìbọn náà sì ta á lọ́wọ́ bí ìgbà tí ìbaaka bá ta ènìyàn nípàá. Ìfà rẹ̀, ibi tí ìka ń fà kí ọta tó jáde, le koko, bẹ́ẹ̀ àrùn oríkèé ti wọ́ ìka Opal. Ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tòun ti ọta nínú, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Nínú oṣù Kejìlá, yìnyín já wáyà iná lulẹ̀. Fóònù náà kú. Ìrọ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú bí ó ti máa ń tètè ṣú nígbà òtútù. Opal fi aṣọ borí lórí ibùsùn. Ibẹ̀ ló wà tó gbọ́ ìró bàtà wúwo nínú ilé ìdáná.

Verlin kì í wá nírọ̀lẹ́. Àárọ̀ ni tirẹ̀.

Opal mú ìbọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó rí òjìji ńlá kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó na ìbọn sí i, ó sì fà á. Ìfà náà dé ìdajì, ó kọ̀. Ó fi ìka kejì kún un.

Kó tó fà á tán, igi ìdáná ya lulẹ̀ gbuurugbu.

"Opal! Èmi ni! Èmi Verlin ni!"

Igi ló kún ọwọ́ ọkùnrin náà méjèèjì, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ṣílẹ̀kùn, aṣọ òtútù sì bò ó lẹ́nu. Ó rò pé òtútù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Opal ni. Ó kó igi jọ, ó dá iná fún un nínú sítóòfù onígi. Ó ní, "Ó dàárọ̀."

Ṣùgbọ́n kò wá láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, inú àpótí lẹ́tà létí títì ló ń gbé ẹyin sí. Kí Opal tó rìn débẹ̀, ẹyin á ti dì, èèpo rẹ̀ á ti sán. Á kó wọn wálé, á jókòó tì wọ́n. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ènìyàn wá bá a sunkún. Èyí ńkọ́, ta ló fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún? Ìdánìkanwà náà wọ̀ ọ́ lára ju òtútù lọ.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ó gbé ìbọn náà tọ Nadine Combs lọ. Ọlọ́pàá ni Nadine kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin níbọn yíyìn ní gbogbo Sátidé, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé panápaná.

"Gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ rí i mọ́." Opal sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú omijé.

Nadine kó ọta inú rẹ̀ jáde. "Àǹtí Opal, ta ló yan eléyìí fún yín?"

"Ọmọ ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé òun ló máa bá yín yìn ín ni?"

Opal rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

"Ẹ wò ó, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tani tó." Nadine gbé òmíràn lé e lọ́wọ́, irin gidi, ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. "Kò sí ọta nínú ẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọjú ẹ̀ sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Ṣé ìka yín dé ibi ìfà láì nà gbọọrọ? Ṣé ẹ rí àmì kékeré tó wà lórí ẹnu ọ̀pá ẹ̀, èyí tí a fi ń fojú sun nǹkan, kedere?"

Opal fà á. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó mà wúwo o."

"Ìwúwo yẹn ni ò ní jẹ́ kó ta yín. Ọta tí agbára ẹ̀ mọ níwọ̀n la máa fi sí i. Ìbọn tí ẹ ò bá lè fi yìnbọn sí àmì nírọ̀rùn, ẹ má retí pé ó máa gbà yín nílé."

Opal ń lọ ní gbogbo Sátidé. Ihò tí ọta rẹ̀ ń dá sínú bébà tí wọ́n fi ṣe àmì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gbé búrẹ́dì àgbàdo wá, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ má bá Opal jà o, ojú ẹ̀ ti là!" Lọ́jọ́ tó fẹ́ ra ìbọn wúwo náà, Nadine di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìdajì ọ̀rọ̀ ni yíyàn. Tí ẹ bá gbọ́ ìró, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ pariwo pé ta nìyẹn, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ìka yín ò gbọdọ̀ dé ibi ìfà títí ẹ ó fi mọ ẹni tó wà níwájú yín, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀mí yín wà nínú ewu lóòótọ́. Tí ẹ ò bá lò ó, inú àpótí onírin tí ẹ ti tì ni kó wà, kì í ṣe dúrọ́ọ̀."

Opal kò tíì jẹun lọ́jọ́ náà tó fi gba ilé Verlin lọ. Láti ibi ọgbà ló ti ń ké.

"Verlin! Opal ni o! Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà bọ̀!"

Verlin dáhùn láti inú ilé. "Ṣé o gbé e dání?"

"Ó wà nílé nínú àpótí. Mo tì í."

"Ó dáa, wọlé."

Verlin bu kọfí fún un. "Wọ́n ní o ti ra òmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá ọwọ́ mi mu. Verlin, ká ní òun ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, à bá ti sin ọ́."

Verlin wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀. "Mo mọ̀. Ohun tí ò jẹ́ kí n lè sùn nìyẹn."

"Ó yẹ kí n béèrè."

"Ó yẹ kí èmi náà pariwo, ìyá yìí."

Ẹyin ti padà sínú ilé ìdáná báyìí. Ṣùgbọ́n Verlin kì í wọlé gbuurugbu mọ́. Á dúró lẹ́bàá ọgbà, á ké orúkọ ara rẹ̀, àwa tí ilé wa wà nísàlẹ̀ tiwọn á gbọ́ ọ; á sì wà nínú òtútù níbẹ̀ títí Opal á fi dá a lóhùn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ ra ìbọn, ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi yàn án, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. Ẹ yìn ín wò kí ẹ tó rà á. Ẹ wá ẹni tó máa kọ́ yín, kí ẹ sì ti ìbọn náà mọ́nú àpótí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókèèrè, ẹ má fi ìbọn rọ́pò ara yín lọ́dọ̀ ìyá yín. Bí ìró bá dún nínú òkùnkùn, ẹ béèrè pé ta ni kí ìka yín tó rìn. Ẹni tó ń bọ̀ yẹn lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó rántí pé òtútù ń mú yín.