Bíréèkì Ńlá fún Ọkọ̀ Bàbá Mi

Mi ò tíì tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ dúró.

Àárọ̀ ni, ọmọ mi obìnrin wà lẹ́yìn, ó ń ka ìwé rẹ̀ sókè. A ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti iwájú ilé wa lọ sí oríta. Mo gbé ẹsẹ̀ láti tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ mi tó débẹ̀, pẹ́dálì náà ti wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń tẹ ilẹ̀ tí kò dá a lójú. Ọkọ̀ dúró. Tírélà kan já gba iwájú wa kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ sì mi gíláàsì wa.

Ọmọ mi ò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀.

Ọkọ̀ bàbá mi ni. Iṣẹ́ kí wọ́n máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ni wọ́n ṣe jẹun, inú ọkọ̀ yìí náà ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n yọ pẹ́dálì bíréèkì kejì tó wà níwájú ìjókòó olùkọ́. Ihò ìdè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún tó kọjá ni wọ́n kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lórí ọkọ̀ náà ni pé kí a má tà á.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-kánjú, torí ẹni tó bá kánjú gbé ọkọ̀ wá, orí bẹ́ńṣì ni yóò ti máa kánjú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó tú táyà iwájú, ó yọ páàdì bíréèkì, ó yí i síwájú sẹ́yìn. Ó ti tán bí ọṣẹ tó kù sí ìdí abọ́.

“Àǹtí, èyí tí mo fi sí i lóṣù tó kọjá rèé? Ṣé ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì ni?”

“Rárá o.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà. “Bíréèkì ọkọ̀ yìí kéré sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yín. Irú ọkọ̀ yìí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní èyí tó tóbi jù ú lọ, yóò sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n rímù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yìí ò ní gbà á, a ó ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ ìyẹn, ká pààrọ̀ ọ́ìlì àti róbà bíréèkì, ó lè tó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e jáde ná.”

Èmi ni mo wà á, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní ìjókòó olùkọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, pẹ́dálì wọlẹ̀. Má-kánjú wo ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di ìlẹ̀kùn mú.

“Àǹtí,” ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn lọ, “ẹsẹ̀ ẹnìkan wà lábẹ́ tèmi.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó tutù. Ó sì ń gbọ̀n, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti rẹ̀ gan-an.”

Mo sunkún lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo mọ ẹni tó ń bá wa tẹ bíréèkì.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, aṣọ ni wọ́n ń ká. Ọwọ́ wọn dúró sórí búláòsì kan.

“Fi bíréèkì náà sílẹ̀ bó ṣe wà,” ni wọ́n wí. “Bàbá rẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Mo rò pé wọn ò fẹ́ pàdánù Bàbá lẹ́ẹ̀kejì ni. Èmi náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rò ó. Bí mo bá fi kékeré yìí sílẹ̀, bàbá mi yóò máa bá mi lọ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Ọmọ mi sì wà lẹ́yìn. Bí ó bá di ọjọ́ tí agbára wọn ò gbé e mọ́ ńkọ́? Mo ní kí Má-kánjú fi ńlá sí i.

Èmi nìkan ni mo gbé e jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo dúró de pẹ́dálì. Kò mira. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, ọkọ̀ sì gbọ́rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

“Ẹ ṣé, Bàbá mi,” mo ní. “Ẹ lọ sinmi.”

Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Mo wolẹ̀. Pẹ́dálì tí ń mú ọkọ̀ sáré ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ mi ò sì sí níbẹ̀. Ọkọ̀ já síwájú. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì, òórùn irin gbígbóná gba inú ọkọ̀ kan, àfi ìgbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì ló tó dúró. Bó bá jẹ́ bíréèkì àtijọ́ ni, n kì bá tí sí níhìn-ín láti rò ó.

Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì jókòó.

“Ọmọkùnrin ogún ọdún kan ni, ọ̀kan lára àwọn tí bàbá rẹ kọ́ ní ọkọ̀ wíwà,” wọ́n ní. “Eré nìkan ló mọ̀, kò mọ bí a ṣe ń dúró. Bàbá rẹ ti rí i pé kò tíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n, bàbá rẹ bá kọ ọ́ síwèé pé ó yege. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ló pa á, nínú ọkọ̀ bàbá tó bí i lọ́mọ. Láti ìgbà náà ló ti ń padà wá síbi ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ ò lè lé e. Àwọn ni wọ́n ṣe é, àwọn náà ni wọ́n ń tẹ bíréèkì fún un.”

Ọmọ mi ti ń bá ọkọ̀ ará ilé kejì lọ sílé ìwé báyìí. Mi ò ta tiwa. Ta ni n bá tà á fún?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo máa ń dá gbé e jáde. Mo máa ń sọ̀rọ̀ sí àyè tí kò sí ẹnikẹ́ni: “Rọra. Wo iwájú. Ó tó, gbé ẹsẹ̀.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni bíréèkì ńlá yẹn fi gbà mí sílẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo ní “Gbé ẹsẹ̀,” ẹ́ńjìnnì sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo rí pẹ́dálì tí ń mú ọkọ̀ sáré bó ṣe ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀. A dé oríta láìsí wàhálà.

Nígbà náà ni ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀, nítòsí etí mi gan-an, tìtìjú-tìtìjú.

“Mà, ṣé mo ti yege?”

Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ ọkọ̀ ẹni tí yóò lọ wà.