Èémí Bàbá Ládòkun

Fèrè náà tún já níbi kan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé. Bàbá Ládòkun gbé sasofóònù rẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó nu òógùn ojú, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ìta.

Ojúọlápé, ọmọ ọmọ rẹ̀, fi ojú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, bàbá yìí ló sì kọ́ ọ ní fèrè láti kékeré. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Ládòkun ti ń fọn jáàsì kiri lẹ́yìn àwọn olórin, síbẹ̀ kò ní àwo orin kan tó jẹ́ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ ní sítúdíò Bàṣírù, ní Ìsẹ́yìn, ni àkọ́kọ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Eyín iwájú méjì ti lọ, èémí rẹ̀ kò sì gùn mọ́.

“Ìwọ náà mọ orin yìí,” Bàṣírù rọra sọ fún ọmọ náà. “Fọn ibi tó ga yẹn, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti Bàbá. Ta ni yóò mọ̀?”

Ojúọlápé kọ́kọ́ kọ̀. Bàṣírù ní bí àwo náà bá jáde bẹ́ẹ̀, Bàbá yóò di ẹni yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Òkè-Ògùn, ṣé ohun tó fẹ́ nìyẹn? Ìfẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ ló jẹ́ kó gbà. Ó fọn ún lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì mọ́ gaara.

Nígbà tí Bàbá wọlé, Bàṣírù parọ́ fún un pé òun ṣa ibi tó dára nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ni. Ó tẹ orin náà, Bàbá gbọ́ ọ, ó dìde dúró.

“Ṣé èmi rèé?” Omi lé ròrò sí i lójú. “Mo ti rò pé mi ò lè débẹ̀ mọ́ láyé.”

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ fún àwọn ahunṣọ àdúgbò pé èémí òun ti padà. Ó tilẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò fọn orin náà lójú gbogbo ènìyàn ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojúọlápé rí ìtìjú tó ń bọ̀ wá bá Bàbá. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá àgbà, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo fọn ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá kò fi bá a sọ̀rọ̀, kò sì fọwọ́ kan fèrè. Ojúọlápé sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá gbé fèrè kọ́rùn, ó ní kó dìde, káwọn lọ sí sítúdíò.

“Pa ibi tí ọmọ yìí fọn rẹ́,” ó sọ fún Bàṣírù.

Bàṣírù ní kò sí rédíò tí yóò gbé irú orin tí èémí ti ń já bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́.

“Kí wọ́n má gbé e. Arúgbó ló ń fọn ún, kì í ṣe ẹ̀rọ. Níbi tó bá ti já, kó já níbẹ̀.”

Bàbá rẹ ohùn orin náà sílẹ̀, ó fọn ún bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ó já lẹ́ẹ̀mejì, kò tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ojúọlápé fọn orin kan tirẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà. Bàṣírù bínú, ó ní kí wọ́n má kọ orúkọ sítúdíò òun sẹ́yìn àwo náà. Wọn kò kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá ṣe fọn ún ní gbọ̀ngàn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, níléèwé, Wùnmí, ọmọ kíláàsì Ojúọlápé, ń sín Bàbá jẹ bó ṣe ń mí hẹlẹ. Ojúọlápé yọ fèrè tirẹ̀ jáde, ó nà án sí i.

“Gbà, fọn ún ká gbọ́.”

Wùnmí kò gbà á. Ẹ̀rín tán nílẹ̀.

Irọ́ a máa tanná, kì í so. Ojúọlápé ti wá mọ̀ pé irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa, irọ́ ṣì ni, ẹni tí a fẹ́ fi gbà là gan-an ló sì máa ń dójú tì. Ohun tó bá jẹ́ tiwa, bó ti wù kó gbó tó, ká gbé e síta bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in.