Ohun Tí Rédíò Sọ Fún Nọ́ọ̀sì

Láti ẹnu ọ̀nà ni ọmọbìnrin náà ti ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Ó sáré wọlé tòun ti aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó bímọ ní ọjọ́ méjìdínlógún sẹ́yìn, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sí ìkókó náà, ó ń wo ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́."

Ọmọbìnrin náà fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdí ọmọ, ó rọra yẹra fún ojú ìdodo tí ìwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ já níbẹ̀, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀ kó mu ọmú. Bí ọmọ ti ń mu ún ni omi ń dà lójú ìyá.

"Bí ọmọ ọlọ́mọ ló ń rí lójú mi," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Ó ń ṣe mí bíi kí n jáde, kí n má padà wá mọ́. Rédíò, jọ̀ọ́, má gbé èyí sáfẹ́fẹ́. Tí ìyá ọkọ mi bá gbọ́, wọ́n á ní abiyamọ burúkú ni mí."

Àwọn ọmọ kíláàsì ló sọ ọmọbìnrin náà ní Rédíò, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ fi hàn pé òun náà lè pa àṣírí mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dákẹ́. Bí ará ilé bá béèrè ìyá ìkókó, á ní, "Ara wọn le koko."

Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, ọmọ nìkan lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ìkókó mọ́ àyà, ó bẹ́ síta. Ibùdókọ̀ ló ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láìwọ bàtà, láìmú báàgì.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Mi ò mọ̀."

Ó fà á lọ́wọ́, ó di ilé ìgbẹ̀bí.

"Ìyá ìkókó, ṣé kò sí ìṣòro?" nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

"Kò sí, mà. Oorun ló kàn ń kùn mí." Ojú ẹ̀gbọ́n ń bẹ àbúrò.

Ẹnu Rédíò wúwo bí òkúta. "Kì í ṣe oorun, mà," ó ní, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fa àga mọ́ wọn. "Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà burúkú. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń ṣe, ó sì ní ìtọ́jú."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó dun Rédíò wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ọkọ gbọ́, ńṣe ló kó ẹrù rẹ̀ dé. Ó ní, "Èmi náà sunkún báyìí nígbà tí mo bí ọkọ rẹ. Mi ò rẹ́ni sọ fún ni." Ó gba ọmọ kí ìyá rẹ̀ lè sùn, ó sì ń sin ìyá ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ méje, ó tọ̀ sí ìyá rẹ̀ lára níbi tó ti ń wẹ̀ ẹ́. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó bojú wo àbúrò rẹ̀.

"Inú bí mi sí ọ gan-an," ó ní. "Ṣùgbọ́n ká ní o dákẹ́ ni..." Kò parí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ká pa àṣírí ọ̀rẹ́ mọ́ dára, ṣùgbọ́n èyí tó lè gba ẹ̀mí, àgbàlagbà tó lè ṣèrànwọ́ ló yẹ ká sọ ọ́ fún, bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ bínú.