Ojú-Ewé Tí Àlájì Pè Ní Funfun Báláú

Lápùtọ́ọ̀pù wà lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Bí Jẹ̀mílátù ṣe kọ́kọ́ rí Daniel nìyẹn ní èbúté Bádágírì, lọ́jọ́ tí omi ọ̀sà fà, tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Gbẹrẹfú kò lè sún mọ́ èbúté. Àwọn èrò yòókù ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bọ̀. Òun nìkan ló ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin.

Jẹ̀mílátù kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun. Nígbà tí yóò fi fọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí nígbà tó gun orí pákó èbúté, tó sì yọ bàtà lẹ́nu. "Tí nǹkan orí mi yìí bá bọ́ sómi, oúnjẹ mi ló bá omi lọ."

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu lẹ fi gbé bàtà?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì di ẹrù mú. Ẹnu nìkan ló ṣẹ́ kù."

Ó sì mọ ẹnu náà lò. Kí ọkọ̀ míì tó ṣe tán, ó ti mọ̀ pé Jẹ̀mílátù ni ọmọ Àlájì Sùlàímọ́nù tó ń ṣe òróró àgbọn ní Ìkọ́gà, àti pé àgbọn ló ń lọ rà fún bàbá rẹ̀ lódìkejì omi. Jẹ̀mílátù náà ti mọ̀ pé Daniel ń ṣe wẹ́bùsáìtì fún àwọn oníṣòwò, pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Àràdàgún, àti pé ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kì í yára, kò tíì dúró de ọkọ̀ ní èbúté rí.

Kò pé oṣù kan tí Jẹ̀mílátù fi mú un lọ bá bàbá rẹ̀. Àlájì ń fẹ́ kí àwọn tó wà lókè òkun máa rí òróró òun rà. Daniel ya àwòrán igi àgbọn, ó ya ìkòkò, ó ya àwọn obìnrin tó ń rin àgbọn, ó sì ya Jẹ̀mílátù láàárín wọn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì di iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han Jẹ̀mílátù. Ó ṣí ojú-ewé Àlájì, ó wá ṣí àyè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi kóòdù bá bíráúsà tó ń ṣí ojú-ewé sọ̀rọ̀. Ó tẹ ìlà kan ṣoṣo. Àkọlé tó jẹ́ àwọ̀ ewé di pupa.

"Háà! O ti yí i padà!"

"N kò yí nǹkan kan padà. Fáìlì tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì wà bó ṣe wà. Bíráúsà tèmi nìkan ni mo sọ fún pé kó wọ aṣọ míì sí i lọ́rùn. Èmi pẹ̀lú rẹ nìkan la rí i."

"Tí mo bá tún un ṣí ńkọ́?"

"Á bọ́ aṣọ náà sílẹ̀."

Jẹ̀mílátù tún un ṣí. Àkọlé padà sí àwọ̀ ewé. Ó ní kí Daniel tún ṣe é. Daniel tẹ ìlà míì. Ni àwòrán Jẹ̀mílátù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bá bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, ó ń tóbi títí ó fi gba gbogbo ojú lápùtọ́ọ̀pù, kò sí àgbọn mọ́, kò sí ìkòkò.

"Kí lò ń ṣe yẹn, Daniel?"

"Bó ṣe rí lójú tèmi nìyẹn."

Jẹ̀mílátù na ọwọ́, ó pa lápùtọ́ọ̀pù náà dé. Ara rẹ̀ ń gbóná, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Olórí kunkun," ló rí sọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀ o. Lágbègbè tiwa, ìkòkò tí wọ́n fi se ìrẹsì Iléyá ni wọ́n fi ń se ti Kérésì. Àlájì fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ohùn Daniel, ó ní ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tọ́. Ó pe ẹbí jọ lọ́jọ́ Àìkú kan kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí Daniel bá wá. Mákánjú àbúrò rẹ̀ wá, Ganiyat àbúrò rẹ̀ obìnrin náà wá.

Mákánjú ló gbé fóònù Àlájì lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ yìí mọṣẹ́. Ẹ ka ohun tó kọ nípa ilé wa sí wa létí, ká lè mọ irú ẹni tí à ń fi ọmọ fún."

Àlájì wo fóònù náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Funfun báláú ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀." Ó sì ti fóònù náà bọ àpò agbádá rẹ̀.

Fóònù wà lọ́wọ́ Ganiyat. Ó wà lọ́wọ́ Jẹ̀mílátù. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láàárín ẹbí, tí yóò yọ fóònù tirẹ̀ láti já ọ̀rọ̀ olórí ilé nírọ́? Wọ́n tú ká. Daniel padà sílé bí ẹni tí òjò pa.

"Vi ṣie, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀, tí í ṣe Ègùn, wí níwájú ẹja tó ń yan, "wọn kò fẹ́ wa ni. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú wa."

Daniel kò gbà. Ó rò pé lẹ́tà tí òun fi kọ ọ̀rọ̀ ló ṣe bàìbàì jù, nítorí àwọ̀ eérú ló lò, ó fẹ́ kó rẹwà. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Ó ṣí àyè kóòdù yẹn, ó tẹ ìlà kan, gbogbo lẹ́tà di dúdú kirikiri. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Àlájì pé, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo ti tún un ṣe." Ó pa ẹ̀rọ dé, ó lọ sílé.

Ní òwúrọ̀, Àlájì ṣí ojú-ewé náà, kò rí nǹkan kan. Ó pe Jẹ̀mílátù pé kó wò ó, kó sọ bóyá Daniel ti yí nǹkan padà. Jẹ̀mílátù wò ó. Àwọ̀ eérú ti àná náà ni.

"Kò yí i padà, Bàbá."

"O rí i bí? Ẹni tó ń purọ́ fún mi nígbà tí kò tíì di àna mi, kí ni yóò ṣe tó bá di àna tán? N kò ní fi ọmọ mi fún òpùrọ́. Má tún dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́ nínú ilé yìí."

Jẹ̀mílátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù, ó pe Daniel.

"Daniel, bi ara rẹ léèrè kí o tó dá mi lóhùn. Ṣé fáìlì lo sọ ọ́ fún ni, àbí bíráúsà tìrẹ nìkan?"

Daniel kígbe. "Yéè! Mo gbé! Jẹ̀mílátù, n kò fọwọ́ kan fáìlì rárá. Ojú tèmi nìkan ni mo tún un ṣe sí."

"Olùkọ́ mi dà?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú ẹkún. "Dúró ná. Lẹ́tà náà ṣe bàìbàì lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí i kà. Ganiyat náà á rí i kà. Kí ló dé tí Bàbá fi ní kò sí nǹkan kan rárá?"

Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà ààwẹ̀ èṣín, àkọ́sórí ni Bàbá ń ké Kùránì, kì í ṣí i mọ́. Òun ni Bàbá ń bẹ̀ kó bá òun wá nọ́ńbà lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá da tíì sórí tábìlì, ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkàn rẹ̀ já.

"Máa bọ̀ lónìí," ló sọ fún Daniel. "Lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí ilé bá dá. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́ lo ń bọ̀ wá ṣe o. Gbé lápùtọ́ọ̀pù rẹ dání." Ó sì sọ ohun tó fura sí nípa ojú Bàbá fún un.

Daniel dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Àlájì yí ojú sí ògiri.

"Bàbá, mo jẹ̀bi," ni Daniel wí. "Mo ní mo ti tún un ṣe, orí ẹ̀rọ tèmi nìkan ni mo tún un ṣe sí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn yín. Àìfarabalẹ̀ ni."

Àlájì kò lé e jáde.

Daniel dìde, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ṣí lápùtọ́ọ̀pù. "Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan, Bàbá. Àwọn àgbàlagbà tó ń ra òróró ń ráhùn pé lẹ́tà mi kéré. N kò mọ èyí tí àgbà ń fẹ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú mi, níbi tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí n dúró."

Ẹ rí ọgbọ́n ọmọ yẹn? Kò béèrè bóyá Bàbá ń ríran. Ó fi ọ̀wọ̀ bo ìbéèrè náà.

Ó tẹ ìlà àkọ́kọ́, lẹ́tà di ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún. Ó sọ ọ́ di ogójì. Àlájì tẹ orí síwájú díẹ̀. Ó sọ ẹ̀yìn ojú-ewé di dúdú, ó sọ lẹ́tà di aláwọ̀ ìyeyè, ó wá gbé e dé ọgọ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù tí ojú ẹ̀rọ gbà lẹ́ẹ̀kan.

"Dúró," ni Àlájì wí.

Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀, Daniel sì ń yí ojú-ewé náà sókè fún un. "Láti… ìgbà… bàbá wa… Ìgè… ọwọ́ tó mọ́… la fi ń ṣe… òróró yìí."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n lórí orúkọ bàbá rẹ̀. Jẹ̀mílátù kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá mi, láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan," ni Àlájì wí, ó nu ojú rẹ̀. "Ìgè bàbá mi fọ́jú kó tó kú. Àwọn ẹbí kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ lójú rẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí Mákánjú ní kí n kà á, ẹ̀rù bà mí. Daniel, ìwọ kọ́ lo purọ́. Èmi ni."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wúwo láyà mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé gbogbo ayé ni yóò máa rí i gàdàgbà báyìí?"

"Rárá, sà. Fáìlì kò yí padà. Ojú yín nìkan ni mo ṣe é fún. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, n óò fi bọ́tìnnì kan sínú fáìlì gan-an, kí ẹni tó bá ń fẹ́ ńlá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá."

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n jọ gbé Àlájì lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wákàtí méjì ni Jẹ̀mílátù fi jókòó tí ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú ọwọ́ Daniel. Dókítà jáde, ó ní nǹkan funfun ló bo ẹyin ojú Bàbá, ó ṣe é yọ, kì í ṣe irú èyí tó ń pa ojú. Jẹ̀mílátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọpẹ́ ló gba ẹnu rẹ̀ títí tí wọ́n fi délé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Àlájì wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló wo ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?"

"Daniel ni, sà."

"Ìwọ rèé? Ohùn rẹ ju ara rẹ lọ. Mo ti ń rò pé òmìrán ni yóò fẹ́ ọmọ mi." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, tó fi mọ́ nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ojú kejì náà san, Àlájì tún pe ẹbí jọ, ó sì ní kí ìyá Daniel wá. Ìyá náà wá pẹ̀lú agbọ̀n ẹja yíyan àti akàn, ó jókòó létí àga bí ẹni tí yóò dìde nígbàkigbà.

"Mákánjú, Ganiyat," ni Àlájì wí, "lọ́jọ́ tí mo ní ojú-ewé ọmọ yìí funfun báláú, ojú tèmi ló funfun. Mo fi í pamọ́ fún yín nítorí mo rántí bàbá wa. Mo ti bẹ ọmọ yìí. Màmá, ẹ̀yin náà ni mo ń bẹ̀."

Mákánjú kò lè gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá ti sọ fún wa. Ta ni yóò gba nǹkan lọ́wọ́ yín lójú ayé mi?" Omi ti lé sí i lójú.

"Mì wanu kaka, Àlájì," ni ìyá Daniel ń wí. "Ẹ ṣé gan-an ni. Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí."

Àlájì dìde lórí àga rẹ̀. Ó gba àárín tábìlì àti agbọ̀n ẹja kọjá, kò fọwọ́ tá ògiri, kò kọsẹ̀. Ó mú ọwọ́ Jẹ̀mílátù níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó mú un dé ọ̀dọ̀ Daniel, ó sì fi í lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó fọ̀nà hàn án.